Ọwọ́ Tí Ó Lu Ilẹ̀ Lẹ́ẹ̀mẹta

Ajíbówú ará Ìdí-Ọdán kì í ṣe olówó, kò sì jẹ oyè kankan, ṣùgbọ́n bí ó bá ń kọjá láàárín ìlú, òkèèrè ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i. Àgbẹ̀ ni, ó sì máa ń hun agbọ̀n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí ó sọ ọ́ di ẹni ńlá ni pé òun ni onílàjà ìjàkadì. Òun ni ó máa ń dúró sáàárín oníjàkadì méjì pẹ̀lú ọ̀pá àtòrì lọ́wọ́, tí yóò sọ pé kí wọ́n kọlu ara wọn, tí yóò sì sọ pé ó tó. Ẹni tí ó bá ní ó ṣubú ni ó ṣubú. Bí gbogbo èrò bá pariwo pé kò rí bẹ́ẹ̀, ariwo lásán ni wọ́n ń pa. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò sì sí ìjà kan tí ó là tí ẹnikẹ́ni gbé lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀ pé ó ṣe ojúsàájú. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ju bí ó ti yẹ lọ.

Ìjà tí ó tóbi jù nínú àwọn ìjà tí ó máa ń là ni ti Apáòkè àti Etídò. Orí òkè ni Apáòkè wà, Etídò sì wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò. Àkùrọ̀ kan wà láàárín ìlú méjèèjì, ilẹ̀ dúdú tí ẹ̀fọ́ àti iṣu kì í kọ̀ fún. Àwọn baba ńlá wọn ti fi àdá ṣá ara wọn nítorí ilẹ̀ yìí títí sísin òkú fi sú wọn. Nígbà tí ó sú wọn tán, wọ́n jọ fẹnu kò pé lọ́dọọdún, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹ iṣu tuntun, kí ìlú kọ̀ọ̀kan mú ọkùnrin kan wá sí Ìdí-Ọdán, tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn, kí àwọn méjèèjì jìjàkadì. Ìlú tí ọmọ rẹ̀ bá dá ọmọ èkejì lẹ́ẹ̀mejì ni yóò dá oko sí àkùrọ̀ lọ́dún náà.

Àwọn tí ó dá àṣà yìí sílẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n mọ̀ pé bí a kò bá ṣọ́ra, eré á di ogun padà. Nítorí náà ni wọ́n fi sọ pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìjà, kí ẹnikẹ́ni tó fi oúnjẹ kan ẹnu, onílàjà àti àwọn olùkọ́ oníjàkadì méjèèjì gbọ́dọ̀ jókòó lórí ẹní kan ṣoṣo lẹ́yìnkùlé Baálẹ̀. Níbẹ̀, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí ara ti ń dun ọmọ tirẹ̀, lójú olùkọ́ ìlú kejì. Ọ̀kan á ní, "Orúnkún òsì ọmọ mi kò tíì san." Èkejì á ní, "Mo gbọ́. Tèmi kò ní fà á lórúnkún." Ẹ ò rí nǹkan! Kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí ojú egbò rẹ̀ fún ọ̀tá! Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí ìjà náà jẹ́ eré gan-an nìyẹn, nítorí ẹni tí a bá fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn tí ó lò ó fi ṣe ibi, wọn kì í pè é ní ọkùnrin mọ́ títí ó fi kú.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò jọ tún òfin túúbá sọ. Oníjàkadì tí ó bá ti fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ti túúbá, onílàjà sì gbọ́dọ̀ là wọ́n kí ó tó gbé itọ́ mì. Ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ní ẹnu tí yóò fi kígbe. Ọwọ́ yẹn ni ẹ̀mí rẹ̀ wà.

Èèwọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fún onílàjà ní tirẹ̀. Láti ọjọ́ iṣu tuntun títí di òwúrọ̀ orí ẹní, kò gbọdọ̀ bá olùkọ́ kan sọ ọ̀rọ̀ ìjà náà lẹ́yìn èkejì. Bí ó bá pàdé ọ̀kan lọ́nà, kí ó kí i, kí ó bi í léèrè ara ilé, kí ó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ìjà ọdún tí mò ń sọ yìí wáyé ni Dáhùnsí, olùkọ́ Apáòkè, yà sí ilé Ajíbówú. Oòrùn mú gan-an lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ajíbówú jókòó lábẹ́ ibòòji ilé rẹ̀, ó ń hun agbọ̀n.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Oò, Dáhùnsí. O káàbọ̀. Ṣé àlàáfíà ni Apáòkè wà?"

"Àlàáfíà ni, Bàbá. Oko àna mi ni mò ń lọ, mo ní kí n yà kí yín."

Ọ̀nà oko àna Dáhùnsí kò gba ìdí ilé náà kọjá rárá. Ajíbówú mọ̀, ṣùgbọ́n àlejò ni àlejò ń jẹ́, ó ní kí wọ́n bu omi fún un. Dáhùnsí mu omi tán, ó wo ilẹ̀ títí, ó mí kanlẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi, Bàbá. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni."

"Bí ó bá jẹ́ èèwọ̀, jẹ́ kí ó wà níbi tí ó wà."

"Òótọ́ lẹ sọ. N ó fi í síbẹ̀." Dáhùnsí dìde, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. "Orúkọ yín tí wọ́n fẹ́ fi wọ́lẹ̀ ló ń dùn mí. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kì í ṣe ọjọ́ kan. Ó dàbọ̀ o, Bàbá."

Ó ti gbé ẹsẹ̀ méjì kí Ajíbówú tó sọ̀rọ̀.

"Jókòó," ni ó wí.

Ẹ gbọ́ o, bí Dáhùnsí bá gbé ẹran tàbí aṣọ wá fún Ajíbówú lọ́jọ́ náà, ìta ni ì bá bá òun àti ẹrù rẹ̀. Wọ́n ti gbé irú rẹ̀ wá rí, ó sì ti lé wọn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kò jọ rìbá lójú ẹni tí ó bá fẹ́ràn orúkọ rẹ̀.

"Àjàgbé, ọmọ tí Etídò fẹ́ mú jáde lọ́dún yìí," ni Dáhùnsí bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀tàn ni ó fi ń jà. Lọ́dún tó kọjá, mo rí i níbi tí ó ti jà ní Òde-Amọ̀. Oníjàkadì ibẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, Àjàgbé fi ọwọ́ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, onílàjà ibẹ̀ sì là wọ́n. Àjàgbé yìí kan náà ló dìde tó gbé ọkùnrin yẹn sókè, tó dá a mọ́lẹ̀. Òun ni wọ́n gbé sí èjìká lọ sílé. Ojú mi ló ṣe." Ó fa àdá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n, ó fi ahọ́n kan irin rẹ̀. "Bí mo bá parọ́, kí irin pa mí."

Kò parọ́. Gbogbo ohun tí ó sọ pátá ni ó ṣẹlẹ̀.

Níbi yìí ni ó yẹ kí àgbà ti béèrè pé, "Kí ni ó wà láàárín lílà àti dídìde yẹn?" Ohun tí Ajíbówú béèrè ni pé, "Kí ni àwọn ènìyàn wá sọ nípa onílàjà náà?"

"Háà, Bàbá. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dòní. Wọ́n ní ọmọ àná fi àtẹ́lẹwọ́ fọ́ ọ lójú."

Nígbà tí Dáhùnsí lọ tán, Wúràọlá, ìyàwó Ajíbówú, jáde láti inú ilé. Ara ògiri ni ó wà, ó sì gbọ́.

"Bàbá Oyè, ṣé kì í ṣe olùkọ́ Apáòkè ló jáde yẹn?"

"Àlejò ni."

"Ẹ ó ránṣẹ́ pe ti Etídò náà kí ó wá sọ tirẹ̀, àbí?"

"N ó gbọ́ tirẹ̀ lórí ẹní," ni Ajíbówú dáhùn, ó sì gbàgbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni òun yóò ṣe. Mi ò ní ká purọ́ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ yẹn, ó ní i lọ́kàn láti gbọ́ tẹnu èkejì.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin pọ̀ fún ọ̀rọ̀ láti fi ta gbòǹgbò. Bí ó bá ń hun agbọ̀n, á rí ara rẹ̀ lójú ìjà, èrò ń rẹ́rìn-ín. Bí ó bá ń jẹun, á gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú yẹ̀yẹ́. Kí ó tó di ọjọ́ ìjà, ó ti mọ Àjàgbé dáadáa, ọmọ tí kò fojú rí rí. Ó ti mọ̀ pé ẹlẹ́tàn ni.

Òjò ńlá rọ̀ mọ́jú ọjọ́ ìjà. Odò kún bo bèbè, àwọn ará Etídò kò sì rí i sọdá. Dáhùnsí dé ní tirẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ìwà ọmọlúàbí, kò la ẹnu sọ nǹkan kan. Òun àti Ajíbówú jọ jókòó títí ẹsẹ̀ fi ń kú wọn, wọn kò rí olùkọ́ Etídò. Ọ̀sán ti pọ́n kọjá kí Lábọ̀dé, olùkọ́ Etídò, tó dé pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, tí omi ń kán lára gbogbo wọn. Baálẹ̀ ti jókòó, èrò ti kún pápá, òjò tún ti ń ṣú lókè.

Lábọ̀dé kò tilẹ̀ yà sí ibi tí yóò ti fún aṣọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ajíbówú ni ó gbà lọ tààrà. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni. Àbúrò bàbá Àjàgbé ni, òun ni ó sì tọ́ ọ dàgbà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú.

"Bàbá, ẹ má bínú, odò ló dá wa dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká lọ jókòó. Kò ní pẹ́."

Ajíbówú wò ó. Ó yẹ kí ó rí ọkùnrin kan tí òtútù ń mú, tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Olùkọ́ ẹlẹ́tàn ni ó rí.

"Ìwọ náà mọ àṣà," ni ó wí. "Àárọ̀ ni ìjókòó. Ṣé kí n ní kí Baálẹ̀ dìde fún yín ni?"

"Ọ̀rọ̀ kan péré ni, Bàbá. Èjìká ọmọ yìí..."

"Lójú ìjà ni èjìká ti ń sọ̀rọ̀. Kí ni ẹ tún fẹ́ kọ́ mi lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n?"

Lábọ̀dé yíjú sí Dáhùnsí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ bàbá. Ìjókòó yìí, tiwa méjèèjì ni."

Dáhùnsí ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní ohun tí onílàjà bá ti sọ, abẹ́ rẹ̀ ni òun wà.

Ọ̀nà kan ṣì wà. Lábọ̀dé lè kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà sílé. Ó yíjú sí Àjàgbé, ó ní, "Jẹ́ ká máa lọ, ọmọ mi." Ṣùgbọ́n ìlú tí ó bá kọ̀ láti jà ti pàdánù àkùrọ̀, ó sì ti di ọdún mẹ́ta tí Etídò kò ti rí ilẹ̀ náà fi ọkọ́ kàn. Ìyàwó Àjàgbé ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọmọ náà kò tíì lo oṣù méjì. Àjàgbé rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga ni, apẹja, tí eyín iwájú rẹ̀ là sí méjì. "Ẹ fi mí sílẹ̀, Bàbá," ni ó wí fún Lábọ̀dé. "Bí a bá padà, wọ́n á ní a sá. Onílàjà wà ńbẹ̀. Kí ló máa ṣe mí?"

Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Ajíbówú nínú ẹrẹ̀. "Bàbá, ọwọ́ yín ni mo wà o."

Ajíbówú sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Ó ti bẹ̀rẹ̀." Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kàn án léjìká, ó ní kí ó dìde.

Ògúnrìndé ni orúkọ ọmọ Apáòkè. Ó kúrú, ó ki pọ́pọ́, ọrùn rẹ̀ àti orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ààlà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọlu ara wọn, Àjàgbé yẹ̀ fún un, ó fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ, ó sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀. Etídò hó yèè. Ìdá kan ti wọlé. Ó ku ọ̀kan kí àkùrọ̀ di tiwọn.

Lẹ́ẹ̀kejì, Ògúnrìndé kò jẹ́ kí ó yẹ̀. Ó wọlé sí i lábẹ́ apá, ó di apá òsì rẹ̀ mú, ó lọ́ ọ sẹ́yìn, àwọn méjèèjì sì jọ ṣubú. Àjàgbé dojú bolẹ̀, Ògúnrìndé wà lórí rẹ̀. Ajíbówú wà nítòsí, ó gbọ́ nǹkan tí ó ró kẹ́ lára èjìká Àjàgbé. Ó gbọ́ ọ ketekete. Apá òsì náà kò lágbára mọ́, ó kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Ibi tí wọ́n ṣubú sí, omi òjò ti sọ ọ́ di ẹrẹ̀ pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, inú rẹ̀ ni ojú ọmọ náà sì wà.

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jáde. Ó lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta.

Ajíbówú rí i. Ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ ti gbéra fúnra rẹ̀, nítorí ọwọ́ tí ó ti ń ṣe nǹkan kan láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kì í dúró gba àṣẹ. Òun ni ó dá ọ̀pá náà dúró. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Kì í ṣe èmi. Kì í ṣe èmi ni ọmọdé yìí máa fi ṣe yẹ̀yẹ́."

"Bàbá!" Ohùn Lábọ̀dé ni. "Ó ti túúbá! Ẹ là wọ́n!"

Ọwọ́ náà tún lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó yá ju ti ìṣáájú lọ. Ajíbówú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ Àjàgbé tí ó ń jà pátápátá nínú ẹrẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò rí i bí agbára ṣe kù lára rẹ̀? Ẹni tí ó túúbá kì í tàpá báyìí." Lábọ̀dé sáré wọ pápá, àwọn ẹ̀ṣọ́ Baálẹ̀ dì í mú, nítorí olùkọ́ kì í wọ ojú ìjà bí onílàjà kò bá pè é. Ó ń ja àjàbọ́ lọ́wọ́ wọn, ó ń pariwo pé, "Èjìká rẹ̀ ti yẹ̀! Bàbá, kò lè gbé ara rẹ̀ dìde!" Ariwo èrò pọ̀. Bóyá Ajíbówú gbọ́, bóyá kò gbọ́, òun nìkan ló mọ̀.

Ọwọ́ náà tún gbéra nígbà kẹta. Ó lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò lù ú mọ́.

Ògúnrìndé ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Ó tú u sílẹ̀ lójijì bí ẹni tí ó gbá iná mú, ó dìde, ó wo onílàjà.

"Bàbá, mò ń dúró kí ẹ là wá," ni ó wí. "Kí ló dé tí ẹ ò là wá?"

Wọ́n yí Àjàgbé padà. Ẹrẹ̀ ti kún imú àti ẹnu rẹ̀. Lábọ̀dé fi ìka gbẹ́ ẹ kúrò, ó ń pe orúkọ rẹ̀, ó ń pe oríkì rẹ̀, ó ń gbọ̀n ọ́n. Orí ọmọ náà ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dáhùn. Obìnrin kan láti Etídò figbe ta.

Àwọn ọkùnrin Etídò ti ń wá kùmọ̀. Ti Apáòkè náà ti ń kó ara jọ. Ìba díẹ̀ ló kù kí ogun ayé àtijọ́ padà dé. Lábọ̀dé ni ó dìde, tí ẹrẹ̀ kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, tí ó ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ jókòó sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ ná. Ó lọ dúró níwájú Baálẹ̀.

"Baálẹ̀, ẹ bá mi bi onílàjà. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ọmọ mi lu ilẹ̀?"

Baálẹ̀ wo Ajíbówú. "Ẹ̀ẹ̀mẹta," ni Ajíbówú wí. "Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀mejì."

"Kí ló dé tí o kò là wọ́n?" ni Baálẹ̀ béèrè.

"Wọ́n ní ẹ̀tàn ni ó fi ń ṣe. Wọ́n ní ó ṣe é ní Òde-Amọ̀."

"Ta ni wọ́n?"

Gbogbo ojú yí sí Dáhùnsí. Kò sá. Ó ní òótọ́ ni òun sọ, òun sì ti fi irin búra sí i. Ó ní ẹni tí ó bá wà ní Òde-Amọ̀ lọ́jọ́ náà kí ó jáde wá sọ pé Àjàgbé kò lu ilẹ̀, kí ó sọ pé kò dìde lẹ́yìn náà dá ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́.

"Kò sẹ́ni tó máa sọ bẹ́ẹ̀," ni Lábọ̀dé dáhùn. "Ó lu ilẹ̀. Ó dìde. Ó dá a. Dáhùnsí, nígbà tí onílàjà là wọ́n tán lọ́jọ́ náà, ṣé o rí i tí mo wọ pápá, tí mo fi ẹsẹ̀ ti ìhà ọmọ yìí, tí mo fa apá rẹ̀ títí èjìká rẹ̀ tó yẹ̀ fi padà sí àyè rẹ̀?"

"Mo rí i."

"Ṣé o gbọ́ tí ọmọkùnrin tó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò fẹ́ gba ìdá tí egungun bá òun dá, pé kí wọ́n tún un jà láti ìbẹ̀rẹ̀?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ṣé o sọ ìyẹn náà fún bàbá?"

Dáhùnsí gbé ojú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Bàbá kò bi mí," ni ó wí.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ ìtàn yìí, tí wọ́n ní ààrá pa Dáhùnsí lójú ẹsẹ̀. Ì bá dùn mọ́ wa bí ó bá rí bẹ́ẹ̀. Ààrá kankan kò pa á. Baálẹ̀ lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó sì ní kí ó má fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ìdí-Ọdán mọ́, ìyẹn ni gbogbo ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́. Ògúnrìndé kò jìjàkadì mọ́ láyé rẹ̀. Apáòkè kò sì lè fi ojú kan àkùrọ̀ lọ́dún náà. Etídò náà kò dá oko síbẹ̀, igbó ni ó dà.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé òkú Àjàgbé lọ sí etí odò, Ajíbówú tẹ̀ lé wọn. Ó bá Lábọ̀dé níbi tí ó ti ń dúró de ọkọ̀ ojú omi, ó kúnlẹ̀ fún un, àgbà tí irun rẹ̀ funfun, fún ẹni tí ó lè bí lọ́mọ. Ó ní, "Dáhùnsí tàn mí ni, Lábọ̀dé. Ẹni burúkú ni."

Lábọ̀dé yíjú sí i.

"Dáhùnsí jẹ́ ọ̀tá wa, Bàbá. A kò retí oore lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ yín ni a ti retí rẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wà níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ń wo ọmọ mi, ó ń bẹ̀ yín, ẹjọ́ tí ẹ ti dá fún un kí ó tó débẹ̀ ni kò jẹ́ kí ẹ rí i. Ẹlẹ́tàn ni Dáhùnsí. Ẹ̀yin ni òṣìkà."

Wọ́n gbé òkú sínú ọkọ̀, wọ́n wà á lọ. Ajíbówú wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ títí wọ́n fi sọdá.

Ó lo ọdún mẹ́sàn-án sí i láyé. Kò dá ẹjọ́ kankan mọ́, ìbáà ṣe ti ọmọ méjì tí ń ja ìjà ọsàn. Wúràọlá sọ pé bí ilé bá dákẹ́, ọkọ òun a máa fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀ láìmọ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, á sì dúró. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó bẹ Baálẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí òun máa ṣe. Lọ́dọọdún, ní òwúrọ̀ ìjà, bí onílàjà tuntun àti àwọn olùkọ́ méjèèjì bá ti jókòó, á lọ dúró níwájú wọn, á sì sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní fi ohunkóhun pamọ́. Kò ní dárúkọ Dáhùnsí. Bí ó bá sọ ọ́ tán, á ní, "Ẹnìkan ṣoṣo ni mo gbọ́ tẹnu rẹ̀, mo sì dá ẹjọ́ lé e lórí. Ẹ wò mí dáadáa. Àgbà òṣìkà ni mí."

Ọdún tí ó kú, kò sí ẹni tí yóò wá dúró níwájú wọn lórí ẹní, onílàjà tuntun náà ni ó gba ọ̀rọ̀ náà sọ dípò rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni ó ti dé ààfin, tí ó ti dé ìdílé, tí ó sì ti tàn dé gbogbo ibi tí ènìyàn méjì ti ń gbé ọ̀rọ̀ wá síwájú ẹnì kẹta. Láti ìgbà náà wá, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tí ó fẹ́ dájọ́ tí kò tíì gbọ́ tẹnu ẹnì kejì, òwe tí wọ́n máa ń pa fún un ni pé: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.